Bí Kọ̀ǹpútà Ilé Wa Ṣe Dé Ìlọrin

                                        Ilé Alhájà Sìlífátù Alátà,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
                                        Ìkòsì, Kétu,
                                        Kòsọ́fẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Nusirat, ọ̀rẹ́ mi tó ti di ọmọ ìyá,

Mo kí ọ o, mo tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Abẹ́òkúta ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n yẹn ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Labeebah ọmọ wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ga jù ọ́ lọ báyìí, kò sì yà mí lẹ́nu, ta ni kì í ga jù ọ́ lọ? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ ti ń bá ara yín sọ̀rọ̀ àbí ẹ ṣì ń ránṣẹ́ síra yín nínú ilé kan náà? Má bínú, o mọ ẹnu mi. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ooru ń mú, iná ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, Ìkòsì ṣì wà níbi tó o fi í sí.

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mò ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi yìí ju ohun tí èèyàn ń sọ lórí WhatsApp lọ, tí wọ́n á máa fi àtàǹpàkò dá ọ lóhùn. Àti pé ìwọ gan-an lo máa ń ráhùn pé kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé sí ọ mọ́. Ó dáa, gbà, tìẹ nìyí. Wá ibi jókòó sí.

Nusi, mo tú kọ̀ǹpútà! Èmi Kabirat, tí o máa ń sọ pé mi ò lè pààrọ̀ gílóòbù láì pe èèyàn, mo tú odidi kọ̀ǹpútà, mo ki nǹkan bọ inú ẹ̀, mo dé e padà, ó sì ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, orí mi ṣì ń wú. Jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó o lè mọ ìdí tí ara mi kò fi gba ẹ̀wù mọ́.

O mọ̀ pé Mile 12 ni Màmá mi ti ta ata títí orúnkún wọn fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tí o lè má mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n yọ wọ́n nílé kéwú kí wọ́n lè máa bá ìyá wọn ru ata lọ sọ́jà. Àwọn àbúrò wọn ọkùnrin kàwé náà tán, wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún wọn, wọ́n wé láwàní fún wọn, wọ́n gbé wọn sórí àga. Màmá ló dáná ọjọ́ náà. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà, wọ́n á ní ìrẹsì yẹn dùn o, àmọ́ ojú wọn kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fi ọjà sílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gba ọ̀dọ̀ Áfáà Abdulrauf lọ, Áfáà tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú ilé wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Fátíhà, wọ́n ń ti ẹ̀yìn Àlùkùránì bọ̀ wá síwájú bí àwọn Áfáà wa ṣe máa ń kọ́ni. Wọ́n gba inú òjò lọ, wọ́n gba inú ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Lọ́dún yìí, wọ́n dé Súrátù Bákọ́rà, èyí tó kẹ́yìn. Ó wá ku ẹsẹ̀ díẹ̀ péré ní ìparí rẹ̀, kí Áfáà gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kí wọ́n sì ní ó ti pé.

Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti wú sí Áfáà lọ́fun. Wọ́n gbé wọn lọ sílé wọn ní Ìlọrin, ilé ìwòsàn níbẹ̀ sì fi ọjọ́ Sátidé kan sí i láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Dókítà ti kìlọ̀ pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohùn wọn lè pẹ́ kó tó padà, ó sì lè má padà mọ́ rárá. Áfáà wá fúnra wọn ránṣẹ́ sí Màmá. Wọ́n ní láàárọ̀ Jímọ̀ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, àwọn fẹ́ gbọ́ ìparí Bákọ́rà lẹ́nu Màmá lórí fóònù, nítorí pé àwọn kò fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kí iṣẹ́ àwọn lórí Màmá kù díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ìwọ gbọ́. Etí Màmá kò gbọ́ran dáadáa mọ́. Ẹnu Áfáà ni wọ́n máa ń wò tí wọ́n bá ń kàwé, bí Áfáà bá ṣe gbé ètè ni àwọn náà á gbé e. Ọjọ́ tí a dán fóònù wò lọ́sẹ̀ yẹn, ẹnu Áfáà rí bí hóró àgbàdo lójú fóònù, nẹ́tíwọ̀kì ìsàlẹ̀ ilé wa sì ń gé ohùn wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ojú kò rí ẹnu, etí kò gbọ́ ohùn. Áfáà ń sọ pé, “Ẹ padà sẹ́yìn, Màmá, ẹ padà,” Màmá ò mọ ibi tí wọ́n ní kí àwọn padà sí. Nígbà tó pẹ́, wọ́n fi fóònù lé mi lọ́wọ́, wọ́n kọjú sí ògiri. Wọ́n ní bóyá Ọlọ́run kò kọ ọ́ mọ́ àwọn ni. Nusi, ó dùn mí wọra. Obìnrin tí mi ò rí kó sunkún nítorí ọkọ tàbí nítorí ọjà, ó ń sunkún nítorí kéwú.

Mo ní rárá o, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo rántí kọ̀ǹpútà tí mo gbé wálé nígbà tí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi ní Kétu, èyí tí mo fi ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn. Ojú ẹ̀ fẹ̀ bí àwo ìgbóúnjẹ, ó ní kámẹ́rà, ó ní ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde ketekete. Ìyọnu kan ṣoṣo ló ní: láti ọjọ́ tí mo ti rà á, wáyà ló fi ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì, kò lè gbà á látinú afẹ́fẹ́ bíi fóònù. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó dúró dáadáa nínú ilé wa, òkè lọ́dọ̀ Bọ̀dá Mutolib ẹ̀gbọ́n mi ló wà, orúnkún Màmá kò sì lè gun àtẹ̀gùn dé ibẹ̀ mọ́. Mo ní kí n fa wáyà láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fò sókè! Wọ́n ní ẹni tó bá lu ihò sí POP àjà àwọn, àwọn àti onítọ̀hún á jọ dé àgọ́ ọlọ́pàá ni, ìbáà ṣe ọmọ ìyá àwọn.

Ohun tó wá kù ni káàdì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní adápítà nẹ́tíwọ̀kì. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Inú kọ̀ǹpútà lèèyàn ń kì í bọ̀, ó ní eyín wúrà wẹ́wẹ́ lábẹ́, ó sì ní ìwo méjì tó máa ń yọ sẹ́yìn, òun ló ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì láìsí wáyà. Bọ̀dá Mutolib ní àwọn á bá wa rà á ní Ìkẹjà, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ọjà ná tó àwọn. Òótọ́ sì ni, ẹ̀gbọ́n mi lè ná ọjà títí tí ọlọ́jà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara ẹ̀ pé kí ni òun tiẹ̀ ń tà.

Wọ́n gbé káàdì dé, wọ́n sì gbé òfin dé pẹ̀lú ẹ̀. Ọlọ́jà ti sọ fún wọn pé bí kò bá ṣiṣẹ́, òun á gbà á padà, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó wà lára ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí. Ọjà tí wọ́n bá ti ya ọ̀rá ara ẹ̀, ti ẹni tó rà á ni títí ayé. Bọ̀dá Mutolib na ìka sí mi nímú: “Kabirat, o ò gbọdọ̀ ya ọ̀rá ara ẹ̀ o!” Ṣé ó yẹ kí wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ fún mi? Ìwọ náà mọ ilé wa. Ta ló ń ya ọ̀rá nílé wa? Ọ̀rá ṣì wà lára fíríìjì, ó wà lára rìmóòtù, ó wà lára àga Màmá tó máa ń lẹ̀ mọ́ wa nítan lọ́jọ́ ooru, tí a bá dìde á dún pààà. Ilé ọ̀rá ni ilé wa. Ìgbà tí mo yọ káàdì náà nínú páálí, mo rí i pé ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo eyín rẹ̀, etí ọ̀rá náà sì ti ń ṣí díẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo ṣe? Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kó má baà ṣí.

Mo ní kí a pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Bọ̀dá Mutolib ní láéláé, wọ́n á yọ ohun tó dáa nínú ẹ̀, wọ́n á fi àlòkù sí i. Ni mo bá ní kò burú, èmi náà ní ọwọ́ méjì. Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè, mo wo fídíò tó ń ṣàlàyé ẹ̀ títí ó fi di tèmi. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo yọ wáyà iná ẹ̀ nídìí. Mo fọwọ́ kan irin fèrèsé kí iná ara mi má baà ba káàdì jẹ́, bí wọ́n ṣe sọ. Mo tú síkírù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo ṣí i. Háà! Eruku tó wà nínú ẹ̀, èèyàn lè gbin ẹ̀fọ́ sí i. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò. Mo yọ irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn, mo wá ihò tóóró tó bá eyín káàdì mu, mo ní Bísímílà, mo tì í wọlé, ó dún káá. Mo de síkírù, mo de ìwo méjèèjì sẹ́yìn. Ní gbogbo àkókò yìí, Bọ̀dá Mutolib dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣe “rọra o, rọra o” bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó ń rìn sẹ́yìn.

Mo tan kọ̀ǹpútà. Kò sí nǹkan kan. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọ inú òun. Mo ní bóyá dráífà ló kù, ìyẹn ètò tí èèyàn ń fi sí kọ̀ǹpútà kó lè mọ bí yóò ṣe bá káàdì tuntun sọ̀rọ̀. Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo fi wáyà gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí káàdì kankan. Mo yọ káàdì, mo tún un kì, mo gbé e lọ sí ihò kejì. Pàbó! Bọ̀dá Mutolib mí kanlẹ̀, wọ́n ní ó hàn gbangba pé káàdì náà ti kú kó tó dé, lọ́wọ́ àárọ̀ ọ̀la àwọn á dá a padà. Wọ́n tiẹ̀ ń dúpẹ́ pé ọ̀rá ẹ̀ ò ṣí. Màmá jókòó, wọ́n kàn ń ka ẹsẹ̀ yẹn wúyẹ́wúyẹ́.

Ó di àárọ̀ Jímọ̀. Áfáà ti ránṣẹ́ pé àwọn ti jókòó nílé ìwòsàn, àwọn ń retí Màmá kí àwọn nọ́ọ̀sì tó wá mú àwọn lọ fún àyẹ̀wò. Màmá ti ṣe àlùwàlá, wọ́n ti fi ìborùn funfun bo orí. Bọ̀dá Mutolib sì ti gbé páálí káàdì sọ̀ kalẹ̀ wá, wọ́n ti múra Ìkẹjà. Mo yọ káàdì náà jáde kí n lè fi lé wọn lọ́wọ́. Bí mo ṣe gbé e sókè níwájú fèrèsé, oòrùn bọ́ sí eyín rẹ̀, mo sì rí i pé dídán tó ń dán kì í ṣe dídán wúrà. Ó ń dán bí àga Màmá. Mo fi èékánná họ ọ́. Ọ̀rá! Ọ̀rá ló wà láàárín káàdì àti kọ̀ǹpútà láti àná! Báwo ni eyín ṣe máa jẹ ẹran nígbà tí a fi ọ̀rá dì í lẹ́nu?

Mo pariwo. Bọ̀dá Mutolib náà pariwo, àmọ́ tiwọn yàtọ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí káàdì náà, wọ́n ní, “Kabirat, tó o bá ya ọ̀rá yẹn tí kò bá ṣiṣẹ́, ọjà ti kú mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn o! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e lọ bi wọ́n.” Mo ní kí wọ́n tó lọ kí wọ́n tó bọ̀, Áfáà ti wọlé. Wọ́n ní káàdì kì í ṣe tèmi. Mo ní Màmá náà kì í ṣe tiwọn nìkan. Ọ̀rọ̀ ń dìjà lọ bẹ́ẹ̀, ni Màmá tí wọn ò gbọ́ ìdajì ohun tí à ń sọ bá bi mí pé kí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ nǹkan yẹn. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n wo Bọ̀dá Mutolib, wọ́n ní:

“Ya á.”

Bọ̀dá Mutolib ní, “Màmá, wọn ò ní gbà á padà o.”

Màmá ní, “Ta ló fẹ́ dá a padà? Kabirat, mo ní kó o ya á!”

Nusi, mo fà á ya, fíààà! N kò rò pé ọ̀rá kan ti ya nínú ilé wa pẹ̀lú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo ki káàdì padà síbi tó wà, mo tan án. Dráífà tó ti wà nínú ẹ̀ dìde fúnra ẹ̀, àmì kékeré kan yọ nísàlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, gbogbo nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò wa tú jáde wẹẹrẹ. Mo rí ti ará òdìkejì tó sọ tiẹ̀ ní “Ẹ Ra Tiyín”. Mo rí ti Bọ̀dá Mutolib lókè pátápátá, ó ń tàn bí òṣùpá. Nígbà tó béèrè pásíwọ́ọ̀dù, ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ láti sọ ọ́ fún wa. Wọ́n ṣí fìlà orí wọn, wọ́n fi bo ọwọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ fìlà. Mi ò tiẹ̀ bá wọn jà. Ẹni tó wà lójú ayọ̀ kì í ka ahun sí.

Áfáà yọ. Ojú wọn kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ètè wọn hàn, irùngbọ̀n wọn hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Áfáà, ẹ mà ti tóbi o!” Áfáà fi ọwọ́ di ọ̀fun mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, Màmá jókòó dáadáa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn wọn ń gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó dúró. Wọ́n ṣì í níbì kan. Áfáà gbé ìka sókè, wọ́n rọra ṣí ẹnu fi hàn wọ́n, Màmá tẹjú mọ́ ọn, wọ́n padà, wọ́n mú un. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Wọ́n kà á títí dé òpin, wọ́n ṣe “Àmín,” wọ́n sì ń wo Áfáà. Áfáà ò mira. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti dúró ni, mo ti ń nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Àṣé Áfáà ń sunkún. Nígbà tí wọ́n ráyè sọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Alihamudulilai. Màmá, ó ti pé.”

Ta ló ń sùn ní Ìkòsì tí kò jí? Èmi ń fò, Màmá ń nu ojú, Bọ̀dá Mutolib ké kábíárà tó ju ti gbogbo wa lọ, wọ́n sáré bọ́ síta, wọ́n ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé “a ti ṣe é!” Àwa wo? Mo fi wọ́n sílẹ̀. Màmá pe Màríyámọ̀, ọ̀rẹ́ wọn tó ṣì ń ta ata ní Mile 12, wọ́n ní, “Mo ti kà á tán o, Màríyámọ̀!” Ìró ayọ̀ tó wá látinú ọjà sínú fóònù yẹn, Màmá elétí dídi gbọ́ ọ.

Kí Áfáà tó lọ, wọ́n bẹ Màmá. Wọ́n ní àwọn ló ti ń ṣàdúà fún wọn láti ọjọ́ yìí, àmọ́ ẹni tó bá ti ka Àlùkùránì tán, àdúà tiẹ̀ náà ti tó gbà, kí Màmá ṣe é fún àwọn. Màmá wò mí bí ẹni pé wọ́n ń pe ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, “Ọlọ́run, ohùn tí o fi kọ́ mi yìí, má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.” Áfáà ṣí ẹnu pé kí wọ́n ṣe àmín sí i, àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti dé, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Sátidé, ó lọ dáadáa. Láti ìgbà náà, ìwé pélébé ni Áfáà ń kọ tí wọ́n bá fẹ́ omi. Ẹ̀rù ṣì ń bà wá. Lánàá, ìyàwó Áfáà pè wá, ó ní dókítà ní kí Áfáà dán ohùn wọn wò, ọ̀rọ̀ kan péré, èyí tó bá wù wọ́n. Ó ní gbogbo àwọn rò pé orúkọ òun ni wọ́n máa pè, ó sì ń bínú díẹ̀. Ó ní ohùn náà há, àmọ́ ó jáde, gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ. “Àmín” ni wọ́n sọ.

Wòlímọ̀ Màmá á wáyé nígbà tí Áfáà bá lè jókòó síbẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbọ́ àwáwí kankan lẹ́nu rẹ. Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí Labeebah, kó o sì kí ìyá ọkọ rẹ ní tààrà, má ránṣẹ́. Màmá ní kí n kí ọ, wọ́n ní lọ́jọ́ náà àwọn kò ní í wọ ilé ìdáná, orí àga ni kó o wá bá àwọn.

Èmi náà ni, tìẹ lójoojúmọ́,

Kabirat,
atúkọ̀ǹpútà gbogbo Ìkòsì.